Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Ṣà Á? Ọ̀rọ̀ "Select" ní Ọjà Kantamanto

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ kì í lo ìṣẹ́jú kan pé lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni "select". A ó ní, "Select: ṣà, yàn," a ó sì kọjá sí èyí tí ó kàn. Èmi pàápàá rò pé mo mọ̀ ọ́n tinú-tòde. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn láìmọye ìgbà, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo dúró nínú ọjà Kantamanto ní ìlú Accra, tí mo gbọ́ tí obìnrin kan ń kígbe rẹ̀ bí ẹni tí ń polówó ẹ̀kọ gbígbóná: "First selection! First selection!"

Kí n tó sọ ohun tí igbe náà jẹ́, ó yẹ kí n júwe ibi tí a wà. Kantamanto wà ní àárín gbùngbùn Accra, lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, kò sì jìnnà sí Makola. Aṣọ àlòkù ni òwò ibẹ̀. Àwọn tí ń tà á, tí ń rán an ṣe, tí ń fọ̀ ọ́, tí ń lọ̀ ọ́, tí ń pa á láró, wọ́n tó ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀, èyíinì ni 30,000 ènìyàn. The Or Foundation, àjọ kan tí ó ti ń ṣe ìwádìí nínú ọjà náà láti ọdún púpọ̀ wá, fojú bù ú pé mílíọ̀nù 15 ẹyọ aṣọ ni ó ń wọ Gánà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Kantamanto sì ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà kọjá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kó èyí tí ó pọ̀ jù wá. Amẹ́ríkà, Kánádà, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù yòókù àti Ṣáínà náà ń kó tiwọn wá. "Obroni wawu" ni àwọn ará Gánà ń pe aṣọ wọ̀nyí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Akan ni pé òyìnbó ti kú. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni pé nígbà tí aṣọ náà kọ́kọ́ dé, ọkàn àwọn àgbà kò gbà á pé ẹni tí ó wà láàyè lè bọ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sọnù. Ó ní láti jẹ́ pé ẹni tí ó ni ín ti kú. Ní Lomé, àwọn ará Tógò ń pè é ní "dead yovo", òyìnbó ni wọ́n sì ń pè ní yovo.

Bí òwò náà ti ń lọ nìyí. Oníṣòwò yóò ra bélì kan, ìdì aṣọ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀, tí a fi ọ̀rá wé, tí a sì fi okùn líle dè. Ìwọ̀n rẹ̀ a máa tó kílò 55. Orí ènìyàn ni a fi ń gbé e gba ọ̀nà tóóró inú ọjà, àwọn tí ń rù ú sì ni ọ̀dọ́bìnrin láti apá àríwá Gánà, àwọn tí a ń pè ní kayayei. Ẹni tí ó bá gbọ́ Haúsá mọ̀ pé ẹrù ni "kaya". Àwọn obìnrin ni "yei" ní èdè Gã. Alábàárù tiwa náà ni. Lára bélì yìí ni a ti máa ń kọ irú aṣọ tí ó wà nínú rẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, gáùn, aṣọ ọmọdé. Ohun tí a kì í kọ ni ipò tí aṣọ náà wà. Oníṣòwò kò sì gbọdọ̀ tú u wò kí ó tó sanwó. Owó rẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ owó tí ó yá pẹ̀lú èlé, ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí ó rà.

Nígbà tí ó bá tú u tán ni ọ̀rọ̀ wa yóò wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tí ó dà bí tuntun, tí kò ní àbàwọ́n, tí ọmọge lè wọ̀ lọ sí òde láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ ibi tí ó ti rà á, òun ni "first selection". Àwọn oníbùtíìkì àti àwọn télọ̀ ni ó máa ń jí wá rà á, wọn a sì máa du ara wọn lọ́wọ́. Èyí tí ó ti ṣá díẹ̀, tàbí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já, ni "second selection". "Third selection" ni èyí tí ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ yóò rà, tí yóò sì dúpẹ́. Lẹ́yìn èyí, a kò fi orúkọ "selection" pè é mọ́. "Asaei" ni wọ́n ń pe òkìtì tí ó kù nílẹ̀, tí ẹni tí ó bá fẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ tú yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Ohun tí kò bá sì rí ẹni mú un di "borla", èyíinì ni pàǹtí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, nínú ọgọ́rùn-ún ẹyọ aṣọ tí a bá tú sílẹ̀ ní Kantamanto, nǹkan bí 40 ni ó ń di pàǹtí. Àwọn kan ń dé ààtàn, àwọn mìíràn ń dé inú adágún Korle, láti ibẹ̀ wọ inú òkun, òkun a sì tún máa pọ̀ wọ́n padà sí etíkun ní wíwé mọ́ ara wọn bí ìfun ẹran.

Obìnrin tí ó ń polówó yẹn gbọ́ Yorùbá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa tí ó ṣòwò ní Gold Coast láyé ijọ́un. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ ará ilé wọn kó ẹrù wá sílé. Ìyá tirẹ̀ ti wà nílé ọkọ láàárín àwọn Gã, kò bá wọn lọ. Mo kí i.

"Ẹ kú ọjà o, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó ń ṣe selection yìí?"

Ó wò mí bí ẹni tí ó rí ọ̀dẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé o ò rí mi ni? Èmi ni mò ń ṣe é."

Ó wá dákẹ́. Ó na ṣẹ́ẹ̀tì kan tí ó ti ya lábẹ́ apá, ó jù ú sẹ́yìn. "Ṣùgbọ́n àwọn ti ṣe tiwọn lọ́hùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ mi."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé kúrò ní Accra, òun ni ó sì mú mi gbé kálámù lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bí àwọn olùkọ́ èdè ti ń ṣe. Látìnì ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a. "Se" jẹ́ sọ́tọ̀, "legere" sì jẹ́ kí a ṣa nǹkan jọ. Inú "legere" kan náà ni "elect" ti wá, inú rẹ̀ ni "collect" ti wá, inú rẹ̀ sì ni "neglect" ti wá, èyí tí í ṣe kí a má ṣà, kí a pa nǹkan tì. Ọmọ ìyá ni wọ́n: ẹni tí a yàn, ohun tí a kó jọ, àti ohun tí a pa tì. Kò sí bí ènìyàn ti lè ṣe ti àkọ́kọ́ láìṣe ti ìkẹyìn.

Nígbà tí mo wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, n kì í kà á tán ní ọjọ́ kan iye ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo ọ̀rọ̀ yìí. Ilé aṣòfin wọn ní "select committee", ìgbìmọ̀ tí a ṣà láti wádìí ọ̀ràn kan. Ẹgbẹ́ eré kíríkẹ́ẹ̀tì ní "selectors", àwọn àgbà tí ń pinnu ẹni tí yóò ṣeré àti ẹni tí yóò jókòó. Ilé ìgbafẹ́ tí a bá pè ní "select", kì í ṣe pé oúnjẹ ibẹ̀ dùn ju ti ibòmíràn lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìwọ kò lè wọ ibẹ̀. Àwọn bàbá wa tí wọ́n rí ọgbà ìgbafẹ́ àwọn òyìnbó ní ayé ìjọba amúnisìn mọ ìtumọ̀ yẹn láìsí pé olùkọ́ kankan kọ́ wọn. Charles Darwin náà mú ọ̀rọ̀ yìí ní 1859, ó sọ ọ́ di "natural selection", yíyàn tí kò ní ẹni tí ń yàn, tí òjò àti ọ̀dá àti ebi ń ṣe fúnra wọn láàárín ohun abẹ̀mí. Nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Herbert Spencer fi tirẹ̀ lé e, ó ní èyí tí ó bá yẹ jù ni yóò là á já. Kò sì pẹ́ tí àwọn tí ń gba ilẹ̀ ọlọ́ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ náà dá ara wọn láre, bí ẹni pé ọ̀run ni ó yàn wọ́n. Nígbà ogun Hitler, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn ará Jámánì ń lò ní ibùdó Auschwitz nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá já àwọn Júù sílẹ̀, tí dókítà kan bá dúró, tí ó ń nawọ́ sí ọ̀tún fún iṣẹ́, sí òsì fún ikú. N kò fi èyí wé ọjà aṣọ o. Mo sọ ọ́ kí olùkọ́ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó fi ìṣẹ́jú kan kọjá lórí rẹ̀ ti rìn jìnnà.

Èdè tiwa kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ru gbogbo ẹrù yìí. A ní "ṣà", a sì ní "yàn". Ọwọ́ ni a fi ń ṣà, nǹkan náà sì ti wà nílẹ̀ kí a tó dé: a ń ṣa igi ìdáná, a ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, ọmọdé ń ṣa àgbálùmọ̀ tí ó já bọ́ lábẹ́ igi. Yíyàn kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́, àṣẹ ni ó ń bá rìn: afọbajẹ ń yan ọba, ìlú ń yan aṣojú, ẹni tí ó lówó ń yan ohun tí ó fẹ́ kí télọ̀ rán fún òun. Ẹni tí ó ń ṣà ń wá èyí tí ó sàn nínú ohun tí ó bá nílẹ̀. Ẹni tí ó ń yàn ni ó ń pinnu ohun tí yóò wà nílẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé lọ́wọ́ ẹnì kan náà ni a tó lè sọ pé ó ní àṣàyàn. Gẹ̀ẹ́sì pa àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ inú "select", ibẹ̀ sì ni ẹ̀tàn náà wà. Ìyá tí mo rí ní Kantamanto ń ṣà láti àárọ̀ di alẹ́. Kò yan ohunkóhun.

Ní Èkó, a mọ òwò yìí dáadáa. A ń pè é ní òkìríkà nítorí ìlú Òkìríkà tí ó wà nítòsí Port Harcourt, tí aṣọ náà ti ń wọlé nígbà kan. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó gbilẹ̀ jù lẹ́nu ọ̀dọ́ ni "bend-down-select": bẹ̀rẹ̀, kí o ṣà. Ẹ lọ sí Katangua ní Abúlé-Ẹ̀gbá, ẹ ó rí ọ̀gbẹ́ni oníṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ pẹ̀lú, tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí òkìtì aṣọ bí ẹni tí ń túlẹ̀. Àwọn ará Zambia ń pe tiwọn ní "salaula", ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Bemba sì ni kí a máa tú òkìtì nǹkan kí a lè ṣa èyí tí a fẹ́. Àwọn ará Kenya ní tiwọn kò tilẹ̀ dé ibi ṣíṣà rárá. "Mitumba", èyíinì ni bélì, ni wọ́n ń pè é. Ẹ ò rí i pé ìwọ̀sí kan náà ni àwọn èdè tí kò gbọ́ ara wọn rí?

Ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni ó ń dùn mí. Nítorí pé àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó jọ ọ́ tí ó sì jìnnà sí i bí ọ̀run ti jìnnà sí ilẹ̀, àkúnlẹ̀yàn. Àwọn baba wa gbà pé kí ènìyàn tó wá sáyé, ó ti kúnlẹ̀ ní ọ̀run, ó sì ti yan ìpín tirẹ̀. Wọ́n ní ilé Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí, ni a ti ń yan orí. Wọn kò sì tan ara wọn jẹ nípa ilé náà. Wọ́n mọ̀ pé orí tí ó dára lójú lè jẹ́ èyí tí iná kò jó dé inú, tí òjò yóò wó nígbà tí ẹni tí ó gbé e bá dé ayé, àti pé ẹni tí ń yàn kò lè mọ̀ nípa wíwò lásán. Bí mo ti dúró ti bélì tí a kò ì tí ì tú ní Kantamanto, ilé Àjàlá ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé àwọn baba wa kò sọ pé ẹnì kan ti wọ ilé náà ṣáájú, tí ó ti kó gbogbo orí tí ó jinná lọ, kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn fún àwa. Àwọn àgbà tún ní ọ̀rọ̀ kejì, àkúnlẹ̀gbà, èyí tí a fi fún ènìyàn ní ìkúnlẹ̀ láìjẹ́ pé òun ni ó yàn án. Bí mo bá jẹ́ olùkọ́ tí a ní kí ó túmọ̀ "bend-down-select" fún ọmọ ilé-ìwé, àkúnlẹ̀gbà ni n óò kọ sí ojú pátákó.

Ta wá ni ó ṣí ilé náà ṣáájú wa? Ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ẹ̀rùn dé, mo kó aṣọ òtútù méjì àti ṣòkòtò kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ aláàánú kan. Ìyá arúgbó kan ni ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dúpẹ́ púpọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya aṣọ tí àwọn ènìyàn kó wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà sọ́tọ̀ lójú mi: èyí sí apá ọ̀tún fún ṣọ́ọ̀bù, èyí sí apá òsì sínú àpò ńlá. Aṣọ òtútù mi kan bọ́ sí ọ̀tún, ìkejì pẹ̀lú ṣòkòtò bọ́ sí òsì. Mo bi í pé níbo ni ti apá òsì ń lọ. "Áfíríkà," ni ó wí, tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni tí ń dárúkọ yàrá kejì. N kò sọ fún un pé ibẹ̀ ni mo ti wá. Ó ṣe tán, ojú mi ti sọ ọ́.

Nínú ohun tí ènìyàn ń kó fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, díẹ̀ ni a ń tà ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìyókù, oníṣòwò kan yóò rà á ní ìwọ̀n kílò, yóò kó o lọ sí ilé ìṣaṣọ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò ti pín in sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ipò. Èyí tí ó jẹ́ ọ̀rá orí wàrà yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta aṣọ àtijọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù. Èyí tí ó tẹ̀lé e yóò lọ sí àwọn ilẹ̀ ìlà-oòrùn Yúróòpù. A ó gé òmíràn sí àkísà tí àwọn mẹ́káníìkì fi ń nu epo. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a ó di bélì tí ń bọ̀ ní èbúté Tema. Nítorí náà, nígbà tí ìyá yìí bá kígbe pé "First selection!", ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin ni a ti ṣa aṣọ náà. Ohun tí ó ń pè ní àkọ́kọ́ ni àwọn lọ́hùn-ún ti pè ní ìkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Gánà bẹ́ẹ̀ ni kò dé pẹ̀lú aṣọ nìkan. Ní 1924, a dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń wa dáyámọ́ńdì ní agbègbè Akwatia. Orúkọ rẹ̀ ni Consolidated African Selection Trust. Ó bí ọmọ sí Sierra Leone, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní àṣẹ ní 1935 pé òun nìkan ni yóò máa wa dáyámọ́ńdì ní gbogbo ilẹ̀ náà fún ọdún 99. Láti ìgbà náà lọ, ọmọ onílẹ̀ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ṣa òkúta nínú odò ìlú baba rẹ̀ ti di arúfin. Àwọn ni wọ́n ni "selection", àwọn ni wọ́n ni "trust". Ti wa ni ìbẹ̀rẹ̀.

Nínú òṣèlú náà, ẹ ó rántí pé ìgbà tí òfin Clifford ti 1922 fún Nàìjíríà ní ìdìbò àkọ́kọ́, ìjókòó mẹ́ta ni Èkó rí, Calabar rí ọ̀kan, ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá tó 100 pọ́n-ùn nìkan ni ó sì lè dìbò. A ti ṣa àwọn olùdìbò kí olùdìbò tó yan ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn rúkèrúdò 1948 ní Accra, gómìnà yan ìgbìmọ̀ Coussey, ọmọ Áfíríkà ni gbogbo wọn, láti gbé òfin ìjọba tuntun kalẹ̀. Danquah wà nínú rẹ̀. Kwame Nkrumah kò sí nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejì 1951, nígbà tí Nkrumah wà nínú ẹ̀wọ̀n ní James Fort, àwọn ará Accra jáde, wọ́n sì dìbò yàn án. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó wà láàárín "select" àti "elect". Gómìnà lo ti àkọ́kọ́, ará ìlú lo ti ìkejì, ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n sì ṣí. Àwa náà ní Nàìjíríà, nígbà tí ìdìbò bá bàjẹ́, a máa ń sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé "selection" ni, kì í ṣe "election". Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ èdè.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹrú ni òun, kí ó gbìyànjú láti kọ̀. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè ìlà-oòrùn Áfíríkà pinnu pé títí 2019 àwọn yóò ti fòpin sí aṣọ àlòkù kí ilé-iṣẹ́ aṣọ tiwọn lè gbérí. Rwanda gbé owó orí rẹ̀ láti 20 sẹ́ǹtì sí dọ́là 2.50 lórí kílò kan. Àwọn oníṣòwò aṣọ àlòkù ní Amẹ́ríkà ké gbàjarè, ìjọba wọn sì halẹ̀ pé òun yóò gba àǹfààní títa ọjà láìsan owó orí kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ta kú. Àwọn yòókù fà sẹ́yìn. Rwanda nìkan ni kò yẹ̀, ní oṣù Keje 2018 sì ni Amẹ́ríkà gba àǹfààní náà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí aṣọ. Wọ́n gbà wá láyè láti ṣa èyí tí ó wù wá nínú bélì. Pé kí bélì má wọlé rárá, ìyẹn kò sí nínú ohun tí a lè ṣà.

Mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé kan ti ń bínú báyìí, tí wọ́n ń wí pé kí ìjọba dáná sun gbogbo rẹ̀. N kò sí lẹ́yìn wọn. Lóòótọ́, ẹ̀rí wà pé aṣọ yìí pa ilé-iṣẹ́ wa lára. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan, Garth Frazer, kọ ọ́ ní 2008 pé nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìlọsílẹ̀ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Áfíríkà láàárín 1981 sí 2000 ni a lè kà sí aṣọ àlòkù lọ́rùn. Ẹni tí ó bá mọ bí ilé-iṣẹ́ aṣọ Kàdúná tí a ṣí ní 1957 ti lókìkí tó, tí ó sì rí bí ó ti di ahoro, kò lè fi èyí ṣeré. Ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà ti ka wíwọlé aṣọ àlòkù léèwọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, aṣọ náà sì ń gba Missebo ní Kútọnu wọlé ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Gánà ní òfin ti 1994 tí ó ní kí a má kó pátá àti áńkáṣífì àlòkù wọlé. Ẹni tí ó bá wá a yóò rí i. Èèwọ̀ tí kò fún ẹlòmíràn ní ohun tí yóò wọ̀ kò lè múlẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, mo ti rí àwọn ènìyàn Kantamanto níbi iṣẹ́. Mo rí télọ̀ tí ó tú ṣòkòtò jíǹsì méjì tí ó ti gbó, tí ó sì fi rán ẹyọ kan tí n kò mọ̀ yàtọ̀ sí tuntun. Mo rí àwọn tí ń pa ṣẹ́ẹ̀tì tí ó ti ṣá láró títí ó fi dúdú bí koro iṣin. Ní òru ọjọ́ kìíní mọ́ ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 2025, iná jó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjà náà, ó sì kan nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá oníṣòwò. Kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá, wọ́n ti ń kan igi, wọ́n ti ń lẹ páànù, wọ́n sì ti tún ń tú bélì. Ẹni tí ó bá pe irú àwọn ènìyàn báwọ̀nyí ní aláàkìtàn ti ṣẹ̀ wọ́n.

Ohun tí mo ń béèrè kéré ju pípa ọjà rẹ́ lọ, ó sì ṣòro jù ú lọ. Èkínní, kí oníṣòwò ní ẹ̀tọ́ láti tú bélì wò kí ó tó sanwó, tàbí kí ẹni tí ó dì í kọ ọ́ sára rẹ̀ iye tí ó dára nínú rẹ̀ àti iye tí kò dára, kí ó sì dá owó padà bí ó bá parọ́. Kò sí ọjà iṣu ní ilẹ̀ Yorùbá tí a ti ń ra iṣu nínú àpò dídì láìfọwọ́ kàn án. Ìkejì, kí owó tẹ̀lé aṣọ. Láti 2007 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti ní kí ẹni tí ń ta aṣọ tuntun máa san owó díẹ̀ lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ìtọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá gbó. Aṣọ náà ń kú sí Accra, kò sì yẹ kí owó ìsìnkú rẹ̀ jókòó sí Paris. Ní 2023, àwọn oníṣòwò Kantamanto kan wọ bàálù lọ sí Brussels láti sọ èyí fún àwọn aṣòfin Yúróòpù fúnra wọn. Inú mi dùn sí ìrìn àjò náà ju ọ̀pọ̀ ìrìn àjò tí àwọn mínísítà wa ti rìn lọ.

Ìkẹta kan ẹ̀yin olùkọ́. Ní ọjọ́ tí "select" bá tún dé ojú ìwé, ẹ má ṣe kọ "ṣà, yàn" kí ẹ sì kọjá. Ẹ bi ọmọ pé nígbà tí a bá ní ẹnì kan "select" nǹkan, ta ni ó kó nǹkan náà jọ síwájú rẹ̀, kí ni a ti mú kúrò, ibo ni èyí tí ó kù yóò sì lọ. Ẹ bi í lórí aṣọ. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, ẹ bi í lórí orúkọ àwọn tí yóò rí lórí ìwé ìdìbò, àti lórí ìwé tí a ní kí ó kà fún ìdánwò.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ màmá náà, mo ra ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ rẹ̀, first selection. Ó wé e, ó fi jàárá lé e, súwẹ́tà ọmọdé kan, ó ní kí n mú un lọ fún ọmọ mi nílé. Nígbà tí mo dé ibi tí mo wọ̀ sí ni mo tó yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní àyà rẹ̀, ìyá ọmọ kan sì ti fi òwú pupa ṣe orúkọ ọmọ rẹ̀ sí ọrùn rẹ̀ kí ó má bàa sọnù.